Wúrà Inú Ìgò Omi Bátìrì

Àwọn tó mọ ìyá mi ní Monrovia máa ń sọ pé kò ní àánú. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí àánú náà ṣe tán, kí ẹni tó bá fẹ́ dá a lẹ́jọ́ lè gbọ́ ẹjọ́ náà tán kó tó la ẹnu.

Ṣìkẹ́mi Akínrẹ̀mí ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìkìrun ni. Ó kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì, ó sì tẹ̀ lé bàbá mi wá sí Liberia nígbà tí wọ́n gba bàbá mi síṣẹ́ tẹlifóònù. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ilé-ìwé ìjọ kan ní Sinkor. Old Road la ń gbé. Bàbá mi, Káyọ̀ lorúkọ rẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Vai Town, lódì kejì afárá, níbi tó ti ń tún rédíò ṣe tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́ ìjọba. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu bàbá mi. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín púpọ̀, àmọ́ tí bàbá mi bá ti bẹ̀rẹ̀ àwàdà rẹ̀, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a má baà rí eyín rẹ̀.

Ogun dé ní 1990, iṣẹ́ tẹlifóònù sì parí. Àwọn ọmọ tó gbé ìbọn kó ọ́fíìsì, wọ́n kó báńkì, wọ́n kó ilé àwọn òyìnbó. Wọ́n á gbé kọ̀ǹpútà jáde, wọ́n á rí i pé kò kọrin, kò sì fi àwòrán hàn, wọ́n á là á mọ́lẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé tó wà nínú rẹ̀ á wà lẹ́bàá ọ̀nà, òjò á máa pa á, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rẹ̀ mú un.

Bàbá mi ń bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó mọ̀ pé wúrà wà lára rẹ̀. Ní etí pánẹ́ẹ̀lì, níbi tí wọ́n ti ń kì í bọ inú ẹ̀rọ, àwọn ìlà tín-ín-rín kan wà tó ń dán. Wúrà gidi ni wọ́n fi bò wọ́n kí wọ́n má baà dípẹtà. Wúrà náà fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bàbá mi á fi ẹ̀mú gé etí náà kúrò, á máa kó o sínú agolo mílíìkì títí yóò fi kún, lẹ́yìn náà ló kan ìyá mi. Ẹ̀yìnkùlé ni ìyá mi ti ń ṣe tirẹ̀, lọ́sàn-án gangan, pẹ̀lú atẹ́gùn lẹ́yìn rẹ̀. Á da ásíìdì lé e lórí nínú ìgò. Èéfín tó pọ́n bí ìpẹtà á rú jáde, bàbà tó wà lábẹ́ wúrà á yọ́, omi náà á di àwọ̀ ewé, wúrà á wá bó, á máa léfòó bí ìpẹ́ ẹja. Mo sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Ó gbá mi létí.

"Tiwalolúwa, wọn kì í ta ẹ̀dọ̀fóró lọ́jà," ló wí.

Lákòókò yẹn, ẹni tó bá ní wúrà nínú ilé kò yàtọ̀ sí ẹni tó ní ejò nínú ibùsùn. Mo ti rí obìnrin tí wọ́n gé ìka rẹ̀ nítorí òrùka tí kò bọ́. Ìyá mi wá ronú kan ohun mìíràn. Ásíìdì kan ṣoṣo kò ran wúrà, ṣùgbọ́n tí a bá po oríṣi méjì kan pọ̀, wúrà á yọ́ sínú rẹ̀ bí ṣúgà. Gbogbo wúrà tí wọ́n ti rí kó jọ láti ọdún tí ogun ti bẹ̀rẹ̀ ló yọ́ báyẹn. Ó di omi tó rí bí tíì tí ewé rẹ̀ kò pọ̀. Ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó gbé e sáàárín àwọn ìgò omi bátìrì tó wà lórí pákó ní yàrá ẹ̀yìn. Bátìrì mọ́tò ni gbogbo wa fi ń gbọ́ rédíò nígbà náà. Kò sí ilé tí kò ní omi bátìrì, kò sì sí olè tó ń wá a. Ìgò yẹn ni owó ọkọ̀ òkun wa. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá gbà wá, a ó kúrò ní Monrovia.

Ohun kan wà nípa omi náà. Tó bá ta sí ni lọ́wọ́, kò ní hàn lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ tí oòrùn bá ti rí ọwọ́ náà, ibi tó ta sí á di elésè àlùkò. Ọṣẹ ò ní ràn án. Kànhìnkànhìn ò ní ràn án. Àfi kí awọ ara fúnra rẹ̀ bó dànù. Ó ta sí bàbá mi lọ́wọ́ nígbà kan, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

"Brother Káyọ̀," Sister Péjú tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wí, "ẹ̀yin lẹ mu wáìnì ìdàpọ̀ mímọ́ tí à ń wá kiri."

"Yíǹkì ni o, Sister. Tàìpù-ráítà ni mò ń tún ṣe."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 1996, bàbá mi ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó sọ fún ìyá mi pé òun ti fi ìgò náà han ẹnì kan.

Ìyá mi gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ni, Bàbá Tiwa?"

"Arákùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti kó gbogbo nǹkan rẹ̀ lọ, ó ń dààmú. Mo ní kó wo àwa, pé tiwa ti di omi. Ó ní irọ́ ni mò ń pa. Mo wá mú un wọlé." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó yẹ kẹ́ ẹ rí ojú rẹ̀."

"Mo ní ta ni?"

"Tí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹ ò ní jẹ́ kó gbádùn mọ́. Ẹni Ọlọ́run ni."

"Ẹni Ọlọ́run tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wúrà, ṣé ó dákẹ́ rí?"

Ọ̀rọ̀ náà pa bàbá mi lẹ́rìn-ín. Kò dárúkọ ẹni náà. Ó rò pé àwàdà ni.

Ní oṣù kẹrin, ìjà wọ àárín ìlú. Àwọn ọmọ tó gbé ìbọn wá sílé wa lówùúrọ̀. Wọn ò yà sílé ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó dé tiwa. Wọn ò bèèrè ìrẹsì, wọn ò bèèrè mọ́tò. Ohun tí èyí tó ṣáájú wọn bèèrè ni, "Where the gold man?" Bàbá mi ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń wí. Wọ́n já sílíìnì, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná, wọ́n ya ìrọ̀rí. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìgò náà gan-an lọ́wọ́, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wú ikọ́, ó sì dá a padà sórí pákó. Nígbà tí wọn ò rí nǹkan kan, wọ́n mú bàbá mi lọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ará ilé kejì wá sọ fún wa pé ó wà lójú ọ̀nà tó lọ sí etíkun, pé kí a wá aṣọ tí a ó fi gbé e.

Ẹ̀yìnkùlé la sin ín sí. Díkìnì Ọlájídé ló gbàdúrà níbẹ̀. Ó ní ilé ní Congo Town, ó sì ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó o, ó sì wà lára àwọn tó sá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa lójú Old Road. Ó sunkún. Ó di ìyá mi mú kó má baà ṣubú.

Àwa náà kó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ń sùn láàárín àwọn àga. Nígbà tí ìbọn rọlẹ̀ díẹ̀, ìyá mi padà lọ wo ilé, mo bá a lọ. Wọ́n ti kó ibùsùn. Wọ́n ti kó ìkòkò. Wọ́n ti ká páànù apá kan òrùlé. Ní yàrá ẹ̀yìn, gbogbo ìgò omi bátìrì wà níbi tí wọ́n wà, àfi ọ̀kan.

Ìyá mi dúró síwájú pákó náà. Lọ́nà nígbà tí a ń padà ló tó sọ èrò rẹ̀, kò sì dà bíi pé èmi ló ń sọ ọ́ fún. Àwọn ọmọ yẹn ti gbé ìgò náà lọ́wọ́, wọ́n sì dá a padà. Nítorí náà, ẹni tó wá gbé e mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo ni bàbá mi fi hàn. Ẹni tó mọ ìgò náà nìkan ló lè sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé wúrà wà nílé wa, kí wọ́n lè mú onílé kúrò fún un. Ẹnì kan náà ni. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ohun tí ìyá mi ń wá mọ́ ju ẹni náà lọ.

Ó mọ ibi tó máa wò. Ìgò wa gùn lọ́rùn, kò ṣeé gbé pamọ́ kọjá níbi tí àwọn ọmọ ogun ti ń yẹ ẹrù wò. Ẹni tó bá gbé e gbọ́dọ̀ dà á sínú nǹkan mìíràn. Ẹni tí kò mọ omi náà yóò jẹ́ kó ta sí òun lọ́wọ́.

Nínú ìjọ wa, tí pásítọ̀ bá ní, "Ẹ gbé ọwọ́ yín sókè sí Olúwa," gbogbo èèyàn ló ń gbé e, gbogbo èèyàn ló sì ń di ojú. Ìyá mi gbé ọwọ́ tirẹ̀. Kò di ojú. Ó ń wo ọwọ́ àwọn ará, láti ìlà iwájú dé ìlà ẹ̀yìn. Díkìnì Ọlájídé fi áńkáṣíìfù funfun wé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ní ìgò ló gé òun.

Bí ìsìn ti parí, ìyá mi rìn lọ bá a níwájú pẹpẹ, ó sì kúnlẹ̀.

"Díkìnì, ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, sà. Ẹ gbàdúrà fún mi."

"Màá máa rántí yín, Sister Ṣìkẹ́mi. Ẹ dìde."

"Opó ni mí, sà. Mo fẹ́ ẹ nísinsìnyí."

Àwọn èèyàn ti dúró. Kò sí díkìnì ní ìjọ wa tó lè kọ̀ fún opó tó kúnlẹ̀. Tó bá kọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó na ọwọ́ tó wé. Ìyá mi fa orí sẹ́yìn.

"Ọwọ́ ni Bíbélì wí, sà. Kò wí áńkáṣíìfù."

"Áńkáṣíìfù Pọ́ọ̀lù wo aláìsàn sàn," ó wí, ó sì gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín.

Pásítọ̀ Ìyìnfolúwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó sì fẹ́ràn kí inú ìjọ dùn. "Pọ́ọ̀lù nìyẹn o, Díkìnì," ó wí. "Ẹ̀yin, ẹ tú aṣọ."

Àwọn ará rẹ́rìn-ín. Ó tú aṣọ náà. Kò sí ojú ọgbẹ́ kankan níbẹ̀. Láti àtàǹpàkò dé ọrùn ọwọ́, elésè àlùkò ni.

"Háà, Díkìnì," Sister Péjú wí, "ẹ̀yin náà ti ń tún tàìpù-ráítà ṣe?"

"Yíǹkì ni," ó wí.

Ó gbé ọwọ́ náà lé ìyá mi lórí, ó sì gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run tú àṣírí gbogbo àwọn ọ̀tá opó yìí. Àmín ìyá mi ló ròkè jù nínú ilé náà. Nígbà tí a dé ibi tí omi wà, ó fọ orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ìdí rẹ̀ nísinsìnyí. Ìgò wà lọ́wọ́ Ọlájídé, ṣùgbọ́n omi ló wà nínú rẹ̀. Kò ṣeé tà, kò ṣeé fi wọ ọkọ̀, òun náà kò sì mọ bí a ti ń sọ ọ́ di wúrà padà. Ní gbogbo Monrovia, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ tó lè ṣe é. Ìyá mi jókòó, ó ń dúró dè é.

Díkìnì wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá mi wà ní ilé wa, tó ń ṣa ohun tó kù. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn.

"Sister, arákùnrin kan ní Freetown ló ń yọ mí lẹ́nu," ó wí. "Ó ní omi kan lọ́wọ́, wọ́n ní wúrà wà nínú rẹ̀. Mo ní mo mọ tíṣà kẹ́mísírì kan."

"Ẹ gbé omi náà wá, sà."

"Ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Ẹ gbé e wá ná."

Inú ike ìfọṣọ ló gbé e sí wá. Ìyá mi ti pèsè sílẹ̀: ó ti ki ìṣó sínú omi bátìrì láti ọjọ́ tó ti rí ọwọ́ yẹn, omi bátìrì ti jẹ ìṣó náà, ó sì ti di omi aláwọ̀ ewé tó mọ́ gaara nínú ife gíláàsì. Ó da omi wúrà sínú abọ́ funfun. Ó wá ń da omi ìṣó sí i díẹ̀díẹ̀. Omi tó dà bíi tíì náà ṣókùnkùn, ó dàrú, ẹrọ̀fọ̀ pupa rúsúrúsú kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ sísàlẹ̀ abọ́.

Bí wúrà ti máa ń padà wá nìyẹn. Kì í dán. Ó máa ń wá bí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ìkòkò, títí iná yóò fi kàn án. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan mọ̀ ọ́n. Ẹni tó kàn jí ìgò kò lè mọ̀ ọ́n, nítorí ó ń dúró de ohun tó ń kọ mànà.

Díkìnì tẹ orí wo inú abọ́ náà. "Wúrà náà dà?"

"Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, sà."

"Ẹrọ̀fọ̀ nìyí."

Ìyá mi tún da omi ìṣó díẹ̀ sí i.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Sister, ẹ dá mi lóhùn. Ṣé ẹrọ̀fọ̀ yìí ni mo torí ẹ̀..." Ó pa ẹnu dé. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, síbi tí erùpẹ̀ ti ga, ó sì tètè mú un kúrò níbẹ̀.

"Kí lẹ torí ẹ̀ ṣe, sà?"

"Kò sí nǹkan."

"Ṣé kí n dì í fún yín, kẹ́ ẹ gbé e lọ fún arákùnrin yín?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ẹ dà á nù."

Ó lọ. Ìyá mi kò dà á nù. Ó fọ ẹrọ̀fọ̀ náà, ó sá a gbẹ, ó fi èédú àti ẹwìrì yọ́ ọ nínú ìkòkò amọ̀ kékeré kan. Nígbà tó tutù, ó bọ́ sílẹ̀ bí kóró àgbálùmọ̀ kan, ó wúwo, ó pọ́n, ó sì ń dán. Ọkùnrin kan tó ń bá ọkọ̀ ẹrù kan ṣiṣẹ́ ní èbúté gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ fún àyè ìyá àti ọmọ, títí dé Ghana. Ọkọ̀ náà máa lọ lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi.

Lọ́jọ́ ìsinmi náà, nígbà tí wọ́n pe ẹlẹ́rìí, ìyá mi dìde. Ẹni tó bá ń lọ ìrìn-àjò máa ń jẹ́rìí kó tó lọ. Gbogbo ìjọ ló ń retí kó dúpẹ́.

"Ẹ yin Olúwa," ó wí.

"Halelúyà," ni wọ́n dáhùn.

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ́ kíláàsì. Ó sọ ohun tó wà nínú ìgò. Ó sọ pé ọkọ òun fi í han ẹnì kan láìdárúkọ rẹ̀, àti ohun tí àwọn ọmọ tó gbé ìbọn bèèrè lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ ohun tí omi náà máa ń ṣe sí ọwọ́. Ó ní, "Gbogbo yín lẹ rí ọwọ́ Díkìnì Ọlájídé. Sister Péjú, ẹ rí i."

Sister Péjú wo ilẹ̀. "Mo rí i," ó wí.

Ọlájídé dìde. "Ọ̀fọ̀ ló ń dà á láàmú. Ẹ mú un jókòó."

"Ìgò wúrà mi wà lọ́wọ́ yín, Díkìnì. Àbí kò dé ọwọ́ yín?"

Kò lè sọ pé kò dé ọwọ́ òun. Gbogbo wọn ń wo ọwọ́ náà. Awọ rẹ̀ ti ń bó, àmọ́ àwọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.

Pásítọ̀ Ìyìnfolúwa jáde láti ẹ̀yìn pẹpẹ, ó ń sunkún. "Ọmọ mi, dárí jì í. Lónìí yìí, níwájú Ọlọ́run, dárí jì í, kí ọkàn rẹ lè fúyẹ́."

"Ọkàn mi fúyẹ́, sà. Ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀rí mi."

"Sister Ṣìkẹ́mi, mo bẹ̀ ọ́."

"Díkìnì kò bẹ̀ mí. Ẹ̀yin lẹ ń bẹ̀ mí." Ó yíjú sí ìjọ. "Ẹ̀rí mi parí. Ẹ yin Olúwa."

Kò sí ẹni tó dáhùn. Kò sọ fún wọn pé wúrà náà ti padà sọ́wọ́ òun. Kò sí ẹni tó bi í. Àwọn tó jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà gbé ohun kan ṣoṣo lọ sílé: wúrà wà nílé Díkìnì Ọlájídé ní Congo Town. Wọ́n sọ ọ́ lójú Old Road, wọ́n sọ ọ́ nídìí omi, wọ́n sọ ọ́ fún àwọn tó ń ta sìgá fún àwọn ọmọ tó gbé ìbọn.

Ní èbúté, a tò sídìí àtẹ̀gùn ọkọ̀ nínú oòrùn, láàárín ẹgbẹ̀rún èèyàn tí gbogbo wọn ń ti ara wọn. Sister Péjú, tí àbúrò rẹ̀ wà lára àwọn tó ń lọ, wá wá wa rí. Kò lè mí dáadáa.

"Àwọn ọmọ tó gbé ìbọn ti lọ gbé Díkìnì," ó wí. "Láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti tú ilé náà palẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Ó ń wí fún wọn ṣáá pé wúrà náà ti di ẹrọ̀fọ̀, pé òun fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n ń fi í rẹ́rìn-ín, Ìyá Tiwa. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń fi wúrà sílẹ̀. Kí ló ń wí gan-an?"

"Òótọ́ ló ń wí," ìyá mi dáhùn.

Sister Péjú wò ó. Ó wò ó pẹ́. "Ẹ lè lọ sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ò tíì lọ."

"Mo lè lọ," ìyá mi wí.

Wọ́n pe orúkọ wa. Ó gbé àpò wa lé orí, ó mú mi lọ́wọ́, a sì gun àtẹ̀gùn náà.